Ẹni Tó Ń Sin Histone Lọ Sílé DNA

Ẹ má torí pé ẹ̀ka Yorùbá la wà kẹ́ ẹ sá fún àkọlé yìí. Ìtàn ọ̀rọ̀ ni, iṣẹ́ wa sì ni.

Ọdún 1884 ni Albrecht Kossel, ọmọ Jámánì, rí histone nínú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ. Purotéènì ni. Òun ni DNA ń wé mọ́ bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìrànwú. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá kàn da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ tó ti inú ara, ṣe ni wọ́n máa rọ́ lu ara wọn, tí wọ́n á ṣù pọ̀ gbàǹgbà. Báwo ni ti inú sẹ́ẹ̀lì ṣe wá ń lọ létòlétò?

Ní 1978, Ron Laskey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge rí ìdáhùn nínú ẹyin àkèré eléèékánná. Purotéènì kan wà níbẹ̀ tó ń di histone mú, tó ń fà á lé DNA lọ́wọ́, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Nucleoplasmin ni wọ́n pè é. Laskey wá pe irú iṣẹ́ yẹn ní «molecular chaperone», ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Àgbà obìnrin tó ń tẹ̀ lé ọ̀dọ́mọbìnrin jáde kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe é níṣekúṣe ni chaperone láyé àtijọ́.

Àwọn kan láàárín wa ní ká túmọ̀ rẹ̀ sí «olùtọ́jú». Mi ò gbà. Olùtọ́jú máa ń dúró ti ẹni tó ń tọ́jú ni. Àwa tá a ti ka ẹkún ìyàwó mọ̀ pé àwọn tó sin ìyàwó kì í bá ọkọ gbé; wọ́n á fà á lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́, wọ́n á padà sílé. Asinyàwó ni nucleoplasmin.

Àkèré yẹn ńkọ́? Ọmọ gúúsù Áfíríkà ni. Láti àwọn ọdún 1930, lẹ́yìn iṣẹ́ Lancelot Hogben ní Cape Town, ni wọ́n ti ń kó o lọ sí òkèèrè láti fi yẹ oyún wò: tí wọ́n bá gún un ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ aláboyún, á yé ẹyin láàárín ọjọ́ kan. Bó ṣe wọ láàbù káàkiri ayé nìyẹn.

Ojú lásán kò lè rí asinyàwó yìí, áńtíbọ́dì ló ń tọ́ka sí i. Wọ́n á gún ẹranko bí ehoro ní purotéènì náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì pèsè ohun tó ń di í mú. Ní 1980, Krohne àti Franke ní Heidelberg fi áńtíbọ́dì hàn pé inú kóró àárín sẹ́ẹ̀lì ẹyin àkèré ló ń gbé. Wàhálà ehoro ni pé tó bá kú, áńtíbọ́dì tán. Ti ehoro míì kò ní bá a dọ́gba.

Inú ilé ìwádìí Laskey gan-an ni wọ́n ti yanjú ìyẹn ní 1975. Georges Köhler àti César Milstein so sẹ́ẹ̀lì èkúté tó ń ṣe áńtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú, áńtíbọ́dì kan náà sì ń jáde láìdáwọ́ dúró. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1984. Àwọn méjèèjì ò gba ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí ọgbọ́n náà. Lónìí, ìgò bíńtín rẹ̀ ń wọlé wá láti òkèèrè nínú yìnyín, owó dọ́là la sì fi ń rà á.