Ta Ló Ní Kí Òǹwòran Dákẹ́?

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2011, wọ́n ṣe eré The Lion King ní gbọ̀ngàn Minskoff ní New York fún àwọn tó ní autism àti ẹbí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú rẹ̀ wáyé ní Broadway. Wọ́n dín ariwo ẹ̀rọ kù, wọ́n yọ iná tó ń kọ mànà kúrò, wọ́n sì ya àyè sọ́tọ̀ níta gbọ̀ngàn fún ẹni tó bá fẹ́ sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ dìde, kó dìde. Ẹni tó bá fẹ́ pariwo, kò sẹ́ni tó máa bá a wí.

Inú mi dùn sí ìròyìn náà. Àmọ́, kí ló dé tó fi di ìròyìn? Ta ló kọ́kọ́ sọ pé òǹwòran gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn, kó má mira, kó má fọhùn?

Àṣà yẹn kò pẹ́ tó bí a ṣe rò. Láyé Shakespeare, ojú ọ̀sán ni wọ́n ń ṣeré, àwọn òǹwòran tó dúró níwájú ìtàgé sì ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń dá òṣèré lóhùn. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fìdí múlẹ̀ ní Yúróòpù. Nígbà tí Richard Wagner ṣí gbọ̀ngàn rẹ̀ ní Bayreuth, ní Jámánì, lọ́dún 1876, inú òkùnkùn ni àwọn òǹwòran jókòó sí, kí ojú gbogbo wọn lè wà lórí ìtàgé. Àwọn òyìnbó amúnisìn kó àṣà náà wá sí gbọ̀ngàn wa. Lọ́dún 1943, tí dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 ní Amẹ́ríkà, tó sì pe ìṣesí wọn ní autism, ilẹ̀kùn tíátà ti tì mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé nǹkan òyìnbó nìyẹn. Victor Lotter rin ìlú mẹ́sàn-án ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà ní àwọn ọdún 1970, Nàìjíríà àti Gánà wà lára wọn, ó sì rí àwọn ọmọ tó ní àmì autism. Ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1978. Àwọn ọmọ náà wà láàárín wa. Ṣé ìtàgé wa ń rí wọn?

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe ilẹ̀ tí òǹwòran ti ń dákẹ́. Ní Mali, wọ́n ní kotéba. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Bambara ni “ìgbín ńlá”, torí bí àwọn èèyàn ṣe ń yí ká bí ìkarahun ìgbín. Ìlù àti ijó ló ń ṣíwájú, kí ẹ̀fẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní àwọn ọdún 1980, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Point G ní Bamako sọ kotéba di ara ìtọ́jú: àwọn òṣèré àti aláìsàn jọ ń ṣeré, aláìsàn sì ń fi eré sọ ohun tó ń dùn ún. Autism kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àìsàn tí a fẹ́ fi eré wò. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ìlú ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè di òṣèré, bí a bá yí eré padà nítorí rẹ̀.

Ní Zaria pẹ̀lú, láti ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello gbé eré kúrò ní gbọ̀ngàn lọ sí Samaru àti àwọn abúlé tó yí i ká. Èdè Hausa ni wọ́n ń fi ṣeré lórí ìṣòro àwọn ará ibẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ń dá sí i.

Àwọn kan máa ń tìtorí irú ìtàn yìí sọ pé a ò nílò láti kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mi ò gbà. Agbo tó ṣí sílẹ̀ kò fi dandan gba gbogbo èèyàn. Mo wà níbi eré ìta gbangba kan tí ìyá kan ti sáré gbé ọmọ rẹ̀ jáde, torí ìlù náà ti le jù fún etí ọmọ yìí. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì ní kí ó lọ gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó ní kí onílù rọra.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù ti wúlò. Láti 1981 ni ẹgbẹ́ Oily Cart ti wà níbẹ̀. Fún àwọn ọmọ tó ní autism tàbí ìpèníjà tó pọ̀, wọ́n ń ṣeré tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, kó gbóòórùn rẹ̀, kódà nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òṣèrébìnrin Kelly Hunter, ará Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà mìíràn: òṣèré àti ọmọ á jókòó yí ká, oníkálukú á máa fọwọ́ lu àyà bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n á sì fi ìlù yẹn kí ara wọn. Lọ́dún 2014, wọ́n ṣe The Tempest báyìí ní Stratford-upon-Avon. Nínú ọ̀kan lára eré rẹ̀, ọmọ ló ń kọ́ Caliban ní orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń kọ́ lọ́rọ̀ látàárọ̀ ti di olùkọ́. Ìlù wà níbẹ̀, àmọ́ kò dí ẹnikẹ́ni létí.

Òfin tó ka yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 náà ti kọjá. Bí a bá tilẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti ṣe ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ arọ, ta ló ń ka ariwo àti iná mọ́ ohun tó ń tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn? Kò dìgbà tí ìjọba bá kọ́ gbọ̀ngàn tuntun. Ẹgbẹ́ eré tó bá ní àgbàlá kan, òṣèré mẹ́fà àti onílù tó mọ bí a ṣe ń rọra lù ú lè pe ọmọ mẹ́fà àti ẹbí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn òbí àti àwọn tó ní autism fúnra wọn léèrè ohun tí etí àti ojú wọn lè gbà, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó kọ eré náà.