Láti Orí Ìwọ̀fà dé Orí Ìwé Ilé: Ìtàn Gbèsè Nínú Ilé Yorùbá

Ní sẹ́mẹ́sítà tó kọjá, olùkọ́ wa bi wá ní kíláàsì pé, "Kí ni ìwọ̀fà?" Ọ̀pọ̀ nínú wa dáhùn pé irú ẹrú kan ni, pé ayé ọ̀làjú ti fòpin sí i. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí á lọ bi àwọn òbí wa léèrè iye tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wọn, kí á tó padà wá sọ fún òun pé ìwọ̀fà ti tán.

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta tí a jọ kọ àròkọ yìí délé ní ìsinmi, ó sì bi bàbá rẹ̀. Bàbá ò sọ̀rọ̀, ó kàn mú ìwé owó oṣù jáde. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fi ra ilẹ̀ wà níbẹ̀. Owó tó yá fi kan páànù wà níbẹ̀. Owó tó yá fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, èyí tó sì kù kò tó ra àpò ìrẹsì kan. Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ibi ìdáná, wọ́n ní, "Àwa rò pé à ń kọ́ ilé ni, a ò mọ̀ pé ilé ló ń kọ́ wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sún wa dé ìdí ìtàn. Báwo ni ilé tí à ń gbé ṣe di ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí látìbẹ̀rẹ̀?

Nígbà tí ilé kò tíì di gbèsè

Rárá o. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí. Ọmọ ẹbí tó bá fẹ́ kọ́lé yóò tọ olórí ẹbí lọ, wọn yóò sì fi ibi tí yóò kọ́ ọ sí hàn án. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo orí rẹ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tó ń kọ́lé yóò be ọ̀wẹ̀; àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ará ilé àti àna yóò wá. Oúnjẹ àti ẹmu ni yóò tọ́jú fún wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, òun náà yóò lọ sí ọ̀wẹ̀ tiwọn. Gbèsè wà nínú ètò yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè agbára ni, kì í ṣe gbèsè owó.

Ohun tó máa ń sọ ènìyàn di onígbèsè owó nígbà náà ni ìsìnkú, ìgbéyàwó, àìsàn, ẹjọ́ àti ogun. Bí òkú àgbà bá sùn tí kò sí owó, àwọn ọmọ yóò yáwó. Ibẹ̀ ni ìwọ̀fà ti wọlé.

Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé ètò náà dáadáa. Ó jẹ́ kó yé wa pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ bíbí inú ìlú ni, ipò rẹ̀ láwùjọ kò sì yí padà. Àgbà tó bá fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lè máa gbé ilé ara rẹ̀, kó máa fi apá kan ọjọ́ ṣiṣẹ́ fún olówó, kó sì fi ìyókù ṣe tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ọ̀dọ̀ olówó ni yóò máa gbé. Bí ìwọ̀fà bá kú, gbèsè kò bá a kú. Ẹbí yóò wá owó náà san tàbí kí wọ́n mú ẹlòmíràn wá.

Kókó tó yẹ kí á dì mú nìyí: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé owó. Bó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, bó ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, owó tí wọ́n yá gan-an kò ní dín. Ọjọ́ tí wọ́n bá san án tán ló máa bọ́. Àánú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé owó náà kì í pọ̀ sí i. Ẹni tó yá òkẹ́ owó ẹyọ méjì, òkẹ́ méjì náà ni yóò san.

A ò kọ èyí láti fi yin ìwọ̀fà. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló lo ìgbà èwe wọn tán lọ́dọ̀ olówó nítorí gbèsè tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ló sì máa ń jìyà jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ènìyàn ni wọ́n ń fi dúró fún owó nígbà náà, kì í ṣe ilé. Olówó kò lè lé ẹbí kan jáde kúrò nínú agboolé wọn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó rán ológò lọ jókòó tì onígbèsè, kó máa da ilé rú, kó máa pa adìyẹ jẹ, títí ojú yóò fi ti ará ilé tí wọn yóò sì dá owó jọ. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí kan náà la ti ń sọ títí dòní pé ẹnìkan fi nǹkan "dógò."

Ìwé dé Èkó

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Láàrin ọdún díẹ̀, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ ọba obìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé wà lára àwọn tó tètè gbà á, àwọn ọmọ Èkó náà sì gbà á.

Ìwé yìí yí nǹkan padà. Ní ìgbà yẹn, àwìn ni òwò epo pupa àti ekuro dúró lé. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó wà ní Marina yóò kó ọjà fún oníṣòwò ní àwìn. Oníṣòwò náà yóò gbé e fún àwọn tó kéré sí i lọ sí òkè, wọn yóò sì fi epo san án padà. Olówó ń fẹ́ ohun tí yóò dì mú. Kí ìwé tó dé, ènìyàn ni. Nígbà tí ìwé dé, ilé ni. Kristin Mann, tó kọ ìwé ńlá lórí Èkó láàrin 1760 sí 1900, fi hàn bí ilẹ̀ àti ilé ṣe di ohun ìdógò pàtàkì láàrin àwọn oníṣòwò ìlú náà. Bí owó epo bá wálẹ̀ ní ìlú òyìnbó, gbèsè yóò di ti kóòtù, wọn yóò sì lu ilé ní gbànjo.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ ẹnìkan ló wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ogún ènìyàn ló ń sùn nínú ilé. Bàbá yáwó, ìyá, àbúrò, ọmọ àti ará ilé ni wọn yóò lé jáde.

Kóòtù náà bá ọ̀rọ̀ ilé ẹbí wọ̀yá ìjà. Èyí tó lókìkí jù ni ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá ní nǹkan bí 1908 sí 1909, lórí ilé tí Olóyè Mabinuori tó kú ní 1874 fi sílẹ̀. Ẹjọ́ yìí ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú òfin pé ilé tí baba fi sílẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ọmọ rẹ̀ pa pọ̀, àti pé obìnrin náà lè jẹ́ olórí ẹbí bó bá jẹ́ òun ni àgbà. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn baba wa, pé a kì í ta ilé ẹbí láìjọ fìmọ̀ ṣọ̀kan, rí ẹsẹ̀ dúró lé ní kóòtù òyìnbó. Àwọn báńkì kò sì fẹ́ràn ilé ẹbí títí dòní nítorí èyí.

Kòkó àti páànù

Ní òkè, kòkó ló mú gbèsè wọlé. Bí owó kòkó ṣe ń dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, koríko kò bójú mu mọ́. Páànù, ìṣó àti símẹ́ńtì di ohun tí àwọn ènìyàn fi ń mọ ẹni tó rọ́wọ́ mú. Ọ̀wẹ̀ lè mọ ògiri, ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ kò lè ra páànù. Owó ló ń rà á.

Àgbẹ̀ tí owó kò tó yóò fi oko kòkó rẹ̀ dógò. Olówó yóò máa ká kòkó náà lọ́dọọdún títí àgbẹ̀ yóò fi rí owó san. Ẹ wò ó dáadáa: ìkórè ni èlé, owó tí wọ́n yá gan-an kò sì dín. Ìwọ̀fà náà ni, igi ló wá gba ipò ọmọ. Nígbà tí owó kòkó wó lulẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń wo kòkó ara wọn lórí igi tí wọn kò lè fọwọ́ kàn án.

Àsìkò yìí kan náà ni àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ ní àwìn gba orúkọ Òṣómàáló: òṣó ni wọ́n máa ló sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gbowó wọn. Ológò ti padà wá, ọjà ló rù.

Ìtura díẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní 1934, C. F. Strickland kọ ìròyìn fún ìjọba lórí bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1935. Ṣùgbọ́n ṣé òfin ló kọ́ Yorùbá ní èyí? Èésú ti wà tipẹ́. Johnson náà mẹ́nu bà á: àwọn ènìyàn yóò máa dá iye kan náà ní àkókò kan náà, ẹnìkan yóò sì máa kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé òkèèrè. "Susu" ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní.

Sùúrù tó lérè

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó. Ìyẹn ló bí àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, tí wọ́n ń pè ní LEDB. Ní 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè.

Peter Marris, ẹni tó lọ wádìí ìgbésí ayé àwọn ènìyàn wọ̀nyí, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ilé tuntun náà mọ́, omi àti iná wà. Ṣùgbọ́n owó ilé ń wọlé dé lóṣooṣù, owó ọkọ̀ lọ sí Erékùṣù ń bẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ìyá tó ń tajà níwájú ilé ẹbí rẹ̀ ti pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn kan kò lè ran ará ilé wọn lọ́wọ́ mọ́. Àwọn mìíràn kò lè san owó náà, wọ́n sì kó jáde.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé iye tí wọ́n kọ sórí ìwé kọ́ ni gbogbo iye tí ilé ń gbà. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, àbúrò tí kò sí nítòsí láti bá wa gbọ́mọ wà níbẹ̀.

Ìṣirò tó bà wá lẹ́rù

Ìwọ̀ Oòrùn náà dá ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé sílẹ̀ ní 1958. Bódìjà ní Ìbàdàn ni èso rẹ̀. Báńkì ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ yíyáwó kọ́lé dé ní 1977. Òfin 1992 sì ní kí òṣìṣẹ́ máa dá 2.5% owó oṣù rẹ̀ sí àpò kan, kó lè yá owó kọ́lé.

A jókòó ṣe ìṣirò. Bí ènìyàn bá yá ₦5,000,000 ní 6% fún ogún ọdún, nǹkan bí ₦35,800 ni yóò máa san lóṣù. Nínú èyí tó kọ́kọ́ san, ₦25,000 jẹ́ èlé, nǹkan bí ₦10,800 ló dín gbèsè kù. Èyí ṣe é fara dà.

Ṣùgbọ́n bó bá lọ yá owó kan náà ní 24% lọ́dún fún ogún ọdún, nǹkan bí ₦100,870 ni yóò máa san lóṣù. Nínú èyí tó kọ́kọ́ san, ₦100,000 ni èlé. ₦870 péré ló dín gbèsè kù.

Gbogbo wa dákẹ́. Olùkọ́ wa kò parọ́. Ẹni tó ń san ₦100,870 kí gbèsè rẹ̀ lè fi ₦870 dín, kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ìwọ̀fà tó ń lọ sí oko olówó láràárọ̀?

Ohun tí ìtàn kọ́ wa

Èkíní, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Yàrá méjì tí a lè parí sàn ju yàrá mẹ́fà tí a ń tìtorí rẹ̀ sá fún olówó.

Èkejì, kí a mọ irú gbèsè tí a jẹ. Ṣé owó gan-an ń dín, àbí èlé nìkan là ń bọ́? Èyí tí èlé rẹ̀ ga jù ni ká kọ́kọ́ wá bí a óò ṣe san tán.

Ẹ̀kẹta, kí ilé má jẹ́ àṣírí ẹnìkan. Ní ayé ìwọ̀fà, gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé gbèsè wà. Lónìí, bàbá a máa jẹ gbèsè tí ìyàwó kò mọ̀, ìyá a máa gba owó òjòojúmọ́ tí ọkọ kò mọ̀, ilé kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ wa padà sí ilé-ìwé, bàbá rẹ̀ ti pinnu pé òun kò ní yáwó mọ́ nítorí ilẹ̀kùn. Èésú màmá yóò kàn wọ́n ní oṣù kọkànlá, òun ni wọn yóò fi ra ilẹ̀kùn iwájú. Kó tó dìgbà náà, aṣọ ìkélé ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà àwọn yàrá. Wọ́n ti kó wọlé, wọ́n sì ń sùn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbà tó ti jáde ṣáájú wa, bí ẹ bá délé ní ìsinmi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà yín pé kí ni wọ́n fi kọ́ ilé tí ẹ ń gbé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fi oko, ìwé tàbí ọmọ dógò rí. Ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan lè wà lẹ́nu wọn.