Èrìgì àti Ọkàn

Bí ẹ bá gba Ọjà'ba kọjá láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn tí ń ta orín ata àti orín ìjẹ̀bú. Àwọn òbí wa kì í jẹ́ kí ọmọ kí àgbà kí ó tó fọ ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ sára orín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa a tu ú dànù, a sì bá iṣẹ́ wa lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn ni mo bá wá lónìí.

Ní 1900, dókítà William Hunter ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé ọyún àti ìdọ̀tí ẹnu lè fa àìsàn sí ibòmíràn nínú ara. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ débi pé nígbà tí a ṣí Gbọ̀ngàn Mápó níhìn-ín ní 1929, àwọn dókítà kan lókè òkun ṣì ń yọ gbogbo eyín aláìsàn nítorí oríkèé ríro. Eyín lọ, àìsàn kò lọ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Hunter kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní 1935, Okell àti Elliott yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn 138 wò lẹ́yìn tí a yọ eyín wọn, wọ́n sì bá kòkòrò ẹnu nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá dé inú ọkàn tí àwọn ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́, ó lè dúró síbẹ̀ kí ó dá àrùn ńlá sílẹ̀. Èyí dájú.

Kí iṣan ọkàn dí lójijì ńkọ́? Ní 1989, Mattila àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Finland fi ènìyàn 100 tí èyí ṣẹlẹ̀ sí wé àwọn tí kò ṣẹlẹ̀ sí. Ẹnu àwọn ti ìṣáájú burú jù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì bá jọ ń gòkè Mápó, èyí kò ní kí ọ̀kan bí èkejì. Ó lè jẹ́ ọ̀nà ló pa wọ́n pọ̀. Sìgá àti àtọ̀gbẹ a máa ba èrìgì jẹ́, wọn a sì máa ba ọkàn jẹ́. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ pé àrùn méjèèjì ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ọ̀kan ni ó ń fa èkejì.

Nítorí náà, ẹ má ṣe yọ eyín tí ó le nítorí ọkàn, ẹ má sì rò pé orín ń wo àrùn ọkàn. Bí èrìgì yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lọ rí dókítà eyín. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọkàn òun ní àbùkù, kí ó sọ fún un kí ó tó fọwọ́ kan eyín. Láti 1957 ni ilé ìwòsàn ńlá UCH ti ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn yìí.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ tu dànù láàárọ̀ yìí, ẹ má tún tu ú láìbèèrè.