Eré Ìje Pikọ́ọ̀pù ti NASCAR àti Àwọn Ọkọ̀ Rẹ̀

NASCAR Truck Series ni eré ìje ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù tó lókìkí jù lọ lágbàáyé. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń sá a láti ọdún 1995. Ìdíje ńlá mẹ́ta ni àjọ NASCAR ń gbé káàkiri orílẹ̀-èdè náà lọ́dọọdún. Cup Series ló wà lókè pátápátá, èkejì tẹ̀ lé e, Truck Series ló ṣìkẹta. Orúkọ iléeṣẹ́ tó bá ń náwó sí i ni wọ́n máa ń fi síwájú orúkọ rẹ̀: lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é ní SuperTruck, ó di Craftsman láti 1996 títí dé 2008, Camping World àti Gander gbà á lẹ́yìn náà, Craftsman sì tún padà sí i ní 2023.

Ní Ìlaròó àti káàkiri ilẹ̀ Yewa, iṣẹ́ la mọ pikọ́ọ̀pù mọ́. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé Peugeot 404 tó máa ń kó ẹrù oko jáde láti apá Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, tí èrò á tún gun orí ẹrù jókòó. Peugeot 504 rọ́pò rẹ̀, Hilux ló sì gbòde báyìí: ti ọlọ́pàá, ti aṣọ́bodè, ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ti àwọn agbaṣẹ́ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ àgbẹ̀, ọkọ̀ kápẹ́ńtà àti ti bíríkìlà ni. Láti ọdún 1977 ni Ford F-Series ti ń tà ju gbogbo pikọ́ọ̀pù yòókù lọ níbẹ̀. Síbẹ̀, ó tó ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá NASCAR sílẹ̀ kí wọ́n tó fún ọkọ̀ òṣìṣẹ́ yìí ní ìdíje tirẹ̀.

Orísun NASCAR fúnra rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbé ẹ̀bá bodè. Ní àwọn òkè apá gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ máa ń fi àgbàdo pọn ọtí líle tó jọ ògógóró wa, wọn kì í sì í san owó orí rẹ̀ fún ìjọba. Òru ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o lọ sí ìlú ńlá. Mẹkáníìkì wọn á tú ẹ́ńjìnnì Ford palẹ̀, á fi agbára kún un. Wọ́n á fi súpíríǹgì kún tẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí bí ìdí ọkọ̀ bá wọlẹ̀, ọlọ́pàá ti mọ̀ pé ẹrù wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìlaròó sí Òwòdé títí dé Ìdírókò rí kò nílò kí n ṣàlàyé bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń sáré. Fàyàwọ́ ni, kò ní orúkọ mìíràn. Lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn awakọ̀ ọtí yìí á kóra jọ sí pápá kan láti mọ ẹni tó lè sáré jù. Bill France ló pe àwọn tó ń ṣètò irú eré bẹ́ẹ̀ jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Daytona Beach ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, wọ́n sì dá NASCAR sílẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1948.

Junior Johnson ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn awakọ̀ ọtí náà, ọmọ Wilkes County ní North Carolina. Ọdún 1956 ni wọ́n mú un nídìí ìkòkò ọtí bàbá rẹ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù mọ́kànlá. Nígbà tó jáde, ó padà sórí pápá, àṣeyọrí rẹ̀ nínú Cup Series sì pé 50 kó tó fi eré sísá sílẹ̀. Ààrẹ Reagan dárí jì í ní 1986. Ohun tó wú mi lórí nínú ìtàn yìí kì í ṣe pé arúfin di gbajúmọ̀. Eré àsápajúdé tó wà lójú títì ni wọ́n mú kúrò níbẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sínú ọgbà tó ní ògiri, òfin, dókítà àti panápaná. Ní tiwa, ojú títì náà ló ṣì wà, ọmọ iléèwé àti ìyálọ́jà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ọkọ̀ fàyàwọ́ sì ń gbá. Ó ń dùn mí púpọ̀.

Àwọn tó ń fi pikọ́ọ̀pù sáré nínú aṣálẹ̀ ní California, Dick Landfield, Jimmy Smith, Jim Venable àti Frank Vessels, ló gbé àbá eré pikọ́ọ̀pù wá fún NASCAR ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọ́n kan ọkọ̀ àpẹẹrẹ, wọ́n sì gbé e lọ sí Daytona ní 1994 kí gbogbo ayé lè rí i. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n dán an wò ní àwọn pápá kéékèèké. Ìdíje gan-an bẹ̀rẹ̀ ní Phoenix, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1995. Mike Skinner, tí kò tíì lórúkọ kankan nígbà náà, ló gba ipò kìíní mọ́ Terry Labonte, ẹni tó ti gba ife Cup Series ní 1984, lọ́wọ́. Ìdíje 20 ni wọ́n sá lọ́dún náà, Skinner náà ló sì gba ife ẹ̀yẹ.

Owó kò pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí ló sì bí àwọn òfin tó dùn ún gbọ́. Nínú Cup, ọkọ̀ máa ń yà síbì kan láti pààrọ̀ táyà àti láti rọ epo láàárín eré. Ọ̀pọ̀ pápá kéékèèké tí pikọ́ọ̀pù ń lò nígbà náà kò ní àyè tó dára fún irú ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń dá eré dúró láàárín méjì bíi ti bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn á tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n á sì padà. Ọdún díẹ̀ ni wọ́n lo òfin yìí. Òmíràn tó jáde látinú eré pikọ́ọ̀pù ṣì wà títí dòní. Bí àsíá aláwọ̀ ìyeyè bá jáde nítorí jàǹbá nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rọra tò wọ ilé. Wọ́n á fi ìyípo kún un kí wọ́n lè fi eré parí rẹ̀. Cup Series kò gba òfin yìí wọlé àfi ní 2004, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí àbúrò ti ń lò ó.

Ọkọ̀ náà gan-an ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. A óò rí Chevrolet Silverado, Ford F-150 àti Toyota Tundra lórí pápá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù nínú wọn. Páìpù irin ni àwọn oníwẹ́dà ń jó pọ̀ di àgò, inú àgò yìí ni awakọ̀ ń jókòó sí, ara pikọ́ọ̀pù tí à ń rí lóde sì dà bí aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un. Sítíkà ni iná iwájú. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ojú fèrèsé ni awakọ̀ ń gbà wọlé, wọ́n á sì ta àwọ̀n dí i kí apá rẹ̀ má baà já síta bí ọkọ̀ bá ń gbókìtì. Wọ́n ti bo ẹ̀yìn tí à bá fi kó ẹrù pa pátápátá. Láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn jẹ́ ínǹṣì 112, ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,540.

Mẹkáníìkì tó ń tú Hilux ní Ìlaròó yóò mọ púpọ̀ nínú ohun tó bá nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ eré yìí. Sìlíńdà mẹ́rin àti lítà 2.7 ni ẹ́ńjìnnì Hilux oníbẹntiróòlù tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ti eré ní sìlíńdà mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ń kàn fúnra wọn kò tó lítà 6, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin rẹ̀ ju 600 lọ. Owó rẹ̀ ló ń pa àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Èyí ló fà á tí NASCAR fi gbé ẹ́ńjìnnì kan tí iléeṣẹ́ Ilmor ṣe wọlé ní 2018. Lítà 6.5 ni, ó lè sá ìdíje mélòó kan kí wọ́n tó tú u, ẹgbẹ́ kankan kò sì lè fi owó ra èyí tó lágbára ju ti ẹnìkejì lọ. Ìpinnu tó dára ni lójú tèmi. Jíà mẹ́rin ni ọkọ̀ náà ní, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Láti 2011 ni wọ́n ti ń po ẹ̀tánọ́ọ̀lù mọ́ epo rẹ̀, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìrísí pikọ́ọ̀pù ló sì sọ eré yìí di ohun tí èèyàn ń fẹ́ wò. Iwájú rẹ̀ ga, orí rẹ̀ ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gé gbọ́n-ọn-ran. Bó ṣe ń sáré, ó ń la afẹ́fẹ́ tó pọ̀, ó sì ń fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ọn bọ́ sínú àlàfo náà, afẹ́fẹ́ kò dí i lọ́wọ́ mọ́, ó ń ní eré sí i láìjẹ́ pé awakọ̀ rẹ̀ tẹ iná jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tò ṣọwọ́ ṣọwọ́ ní Daytona, ìmú ẹnì kan nídìí ẹnìkejì, lórí eré tó ju kìlómítà 280 lọ ní wákàtí kan. Ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà. Nígbà tí pikọ́ọ̀pù kọ́kọ́ sáré ní Daytona ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ Geoff Bodine fò gun àwọ̀n irin tó wà níwájú èrò ìwòran, ó gbiná, ó sì ń gbókìtì títí. Bodine yè é. John Nemechek kú nítorí jàǹbá Homestead ní 1997, Tony Roper sì kú nítorí ti Texas ní 2000. Lẹ́yìn tí Dale Earnhardt, gbajúmọ̀ awakọ̀ Cup, kú ní Daytona ní 2001 ni NASCAR sọ ohun tó ń de akoto mọ́ èjìká di dandan, kí ọrùn má baà ṣẹ́ bí ọkọ̀ bá kọlu ògiri.

Kì í ṣe orí ọ̀dà nìkan ni wọ́n ti ń sá a. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2013, wọ́n gbé pikọ́ọ̀pù lọ sórí amọ̀ Eldora ní Ohio. Láti ọdún 1970 títí di ọjọ́ náà, kò sí ìdíje ńlá NASCAR kankan tó tẹ ilẹ̀ lásán. Austin Dillon ló borí. Wọ́n tún lọ síbi tí orísun eré náà wà: ní 2023, wọ́n padà sí pápá North Wilkesboro, ní Wilkes County tí Junior Johnson ti wá.

Ron Hornaday ni àwọn tó mọ eré yìí máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó gba ife ní 1996, 1998, 2007 àti 2009, kò sì sí ẹni tó tíì gbà á tó bẹ́ẹ̀. Àga gbọọrọ inú pálọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ tí kò rílé gbé máa ń sùn sí, lára wọn ni Kevin Harvick àti Jimmie Johnson, àwọn méjèèjì ló sì gba ife Cup lẹ́yìn náà. Matt Crafton gba ife mẹ́ta. Ní 2019, kò gba ipò kìíní nínú ìdíje kan ṣoṣo, síbẹ̀ ó gba ife. Kyle Busch ló borí lọ́pọ̀ ìgbà jù, ó ti ju 60 lọ. Toyota wọlé ní 2004, Travis Kvapil sì fi Tundra borí ní Michigan lọ́dún náà. Corey Heim fi Tundra borí lẹ́ẹ̀mejìlá ní 2025, kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú sáà kan, ó sì gba ife. Ram, tó ti kúrò láti 2012, kéde lọ́dún yẹn pé òun ń padà bọ̀ ní 2026.

Ọsirélíà náà ní tiwọn, SuperUtes, níbi tí Hilux ti ń bá Ford Ranger àti Mitsubishi Triton díje. Hilux ti gba ife Dakar Rally, eré ọkọ̀ inú aṣálẹ̀, pẹ̀lú. Nasser Al-Attiyah, ọmọ Qatar, ló fi gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2019, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n sì ti kan ọkọ̀ tó fi gbà á.

Ilẹ̀kùn tí eré pikọ́ọ̀pù ṣí fún àwọn aláwọ̀ dúdú ló yẹ kó kàn wá jù. Wendell Scott, tóun náà ti kó ọtí fàyàwọ́ rí, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó borí nínú ìdíje Cup, ní Jacksonville, ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1963. Wọ́n gbé ipò kìíní fún aláwọ̀ funfun kan lójú èrò. Ìgbà tí gbogbo èèyàn ti lọ ilé ni wọ́n tó gbà pé Scott ló ni ín, ó sì di 2021 kí ẹbí rẹ̀ tó gba ife náà. Bill Lester fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Hewlett-Packard nítorí eré ọkọ̀, ó sì sá pikọ́ọ̀pù ní kíkún láti 2002. Ní 2013, Bubba Wallace borí ní Martinsville nínú Toyota. Láti ọjọ́ Scott, aláwọ̀ dúdú kankan kò tíì borí nínú ìdíje ńlá NASCAR títí di ọjọ́ yẹn.

Jesse Iwuji wọ inú eré yìí ní Las Vegas ní 2018. Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ láti Nàìjíríà, orúkọ Igbo ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà sì ni. Ní 2021, òun àti Emmitt Smith, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ tiwọn sílẹ̀. Rajah Caruth ní tirẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ látinú ọkọ̀ rárá. Orí kọ̀ǹpútà ló ti kọ́ eré ìje kó tó di pé wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ gidi. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tó ṣì ń kàwé ní yunifásítì Winston-Salem State, ó fi Silverado borí ní Las Vegas, ó sì tún borí ní Nashville lọ́dún tó tẹ̀ lé e.