Táǹkì omi gbígbóná tó ń bá bọ́ílà ṣiṣẹ́: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tẹ́ ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti apá àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà mọ̀ pé omi gbígbóná kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lọ́dọ̀ yín. Bí táǹkì bá jò nínú oṣù kìíní ọdún, ara ilé ò ní í rọgbọ, owó tí wọ́n sì máa fi pààrọ̀ rẹ̀ lè gbé owó téèyàn ti yà sọ́tọ̀ fún ìrìnàjò wá sílé mì. Irú táǹkì wo ló ń pẹ́, kí ló sì ń tètè pa àwọn yòókù? Ohun tá a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, hítà oníná mànàmáná tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri balùwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ní àwọn ìlú olótùútù, bọ́ílà ló ń ti omi gbígbóná kiri inú àwọn rédíétọ̀ kí yàrá lè móoru. Táǹkì tá à ń sọ yìí kò ní iná tirẹ̀. Páìpù tó ká jọ bí ejò ló wà nínú rẹ̀. Omi láti inú bọ́ílà máa ń gba inú páìpù náà kọjá, á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún omi tẹ́ ẹ máa fi wẹ̀, á sì padà síbi tó ti wá. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé abọ́ ọbẹ̀ tútù sínú ìkòkò omi gbígbóná: ooru kọjá, àmọ́ omi ò wọ inú ọbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú bọ́ílà tó wà nílé yín o. Bọ́ílà kómbì ló wà ní ọ̀pọ̀ ilé ní London, èyí tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀ láìsí táǹkì. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ ní, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kàn yín, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí gbogbo ètò ilé padà. Ẹni tó ń gbé Houston náà lè máà rí bọ́ílà rárá. Àmọ́ ní Boston, ní New York, tàbí nínú ilé London tó ní balùwẹ̀ méjì mẹ́ta, ẹ máa bá táǹkì yìí pàdé dáadáa.

Kí ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ kí irú táǹkì yìí pẹ́ ni pé kò sí iná tó ń jó nídìí rẹ̀. Hítà onígáàsì ń gba iná lábẹ́ lójoojúmọ́, ìdọ̀tí tó bá sì silẹ̀ nínú rẹ̀ á máa jóná mọ́ ìdí irin títí irin á fi lu. Ìyẹn ò sí níbí. Ohun tó kù láti bá jà ni ìpẹtà, àti ẹfun inú omi.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni irin lásán tí wọ́n fi nǹkan bíi gíláàsì bo inú rẹ̀, bíi ti abọ́ tánganran táwọn ìyá wa ń lò. Ẹ sì mọ ìwà abọ́ tánganran: ibi tó bá ti ṣá díẹ̀ ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń ki ọ̀pá kan bọ inú táǹkì náà, tí wọ́n fi magnesium tàbí aluminium ṣe, kí ìpẹtà lè máa jẹ ọ̀pá dípò táǹkì. Tí ọ̀pá yẹn bá ti tán tẹ́ ẹ ò pààrọ̀ rẹ̀, táǹkì ló kàn. Ó yẹ kí púlọ́ńbà máa yọ ọ́ wò ní ọdún kan sí méjì síra, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ tún wo àyè tó wà lókè táǹkì. Ọ̀pá náà gùn. Bí àjà bá sún mọ́ ọn jù, kò ní í ṣe é fà yọ, àfi tẹ́ ẹ bá ra èyí tó ní oríkèé tó ṣe é ká.

Èkejì ni stainless steel, irin tí kì í tètè dípẹtà. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, púpọ̀ nínú wọn ò sì nílò ọ̀pá kankan. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ò tó, ẹ béèrè nọ́ńbà irin náà. 304 ni èyí tó rọjú. 316L ní molybdenum nínú, ó sì lè fara da chloride tó wà nínú omi ju 304 lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní duplex, irú bíi 2205, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ni táǹkì stainless sábà máa ń ti jò, torí pé ooru iṣẹ́ wẹ́lídà máa ń ba ààbò ara irin jẹ́ níbẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ bá fi ásíìdì fọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jó o tán ló dáa.

Omi àdúgbò yín ńkọ́?

Lójú tiwa, ibí làwọn èèyàn ti ń ṣì í jù. Wọ́n á béèrè iye owó, wọ́n á béèrè bó ṣe tóbi tó, wọn ò ní í béèrè irú omi tó máa wọ inú rẹ̀. Omi London àti gúúsù ìlà oòrùn England jẹ́ omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, torí ẹfun pọ̀ níbẹ̀. Òun lẹ̀ ń rí nínú kẹ́tùlù yín yẹn. Ti Manchester àti ti Scotland fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Boston, tó ń wá láti adágún Quabbin. Níbi tí ẹfun bá ti pọ̀, á lẹ̀ mọ́ páìpù inú táǹkì, kò sì ní í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa. Páìpù tí ara rẹ̀ dán ló bá irú omi bẹ́ẹ̀ mu ju èyí tó ní etí wẹ́wẹ́ lára lọ, torí ẹfun máa ń há sáàárín àwọn etí yẹn.

Ẹni tó bá ń lo omi kànga, kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò kó tó ra ohunkóhun. Chloride àti pH ni kó ní kí wọ́n wò. Ilé iṣẹ́ táǹkì máa ń kọ ìwọ̀n chloride tí wáráǹtì wọn gbà sínú ìwé. Bí omi yín bá kọjá ìwọ̀n yẹn, wáráǹtì ti di bébà lásán.

Bó ṣe tóbi tó

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lítà 180 sí 210 ni wọ́n sábà máa ń gbé fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ní Amẹ́ríkà, gálọ́ọ̀nù 40, tí í ṣe nǹkan bíi lítà 150, ló wọ́pọ̀. Àmọ́ ẹ má wo títóbi nìkan. Láti mú lítà 150 kúrò ní 10°C dé 60°C, ó máa gba nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 8.7. Bí páìpù inú táǹkì bá lè gba kílówáàtì 24 láti ọ̀dọ̀ bọ́ílà, ìṣẹ́jú 22 ni. Bó bá jẹ́ 12 péré ló lè gbà, ó di ìṣẹ́jú 44, ẹni tó kẹ́yìn á sì wẹ omi tútù. Ẹ tún wo iye wáàtì tó ń sọnù bí táǹkì bá kàn jókòó. Wáàtì 50 jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 1.2 lójúmọ́, wáàtì 90 ti lé ní 2.

Kí omi máa bàa jó ọmọ

Àjọ Health and Safety Executive nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí omi inú táǹkì wà ní 60°C, ó kéré tán, kí kòkòrò Legionella má baà ráyè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n omi 60°C lè jó àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ti ọmọdé sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ ní kí wọ́n fi fáàfù tó ń po omi tútù mọ́ gbígbóná síbi tí omi ti ń jáde, kó lè dé balùwẹ̀ ní nǹkan bíi 49°C. Ẹ má yọ owó fáàfù yìí kúrò nínú ìnáwó o.

Táǹkì tí omi ń wọ̀ tààrà láti páìpù ìjọba gbọ́dọ̀ ní fáàfù tó ń tú agbára sílẹ̀ àti ibi tí omi lè wú sí. Ní England, òfin ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní G3 ló dé irú táǹkì bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì kúnjú ìwọ̀n fún un ló lè gbé e. Ẹ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ kọ́ la fẹ́ níbí.

Ní ti wáráǹtì, ẹ ka ìwé náà dópin. Ọ̀pọ̀ “lifetime” tí wọ́n ń kọ síta, ẹni tó kọ́kọ́ ra táǹkì nìkan ló wà fún; bẹ́ ẹ bá ta ilé, ó ti tán. Àwọn mìíràn máa san owó táǹkì, wọn ò ní í san ti ẹni tó máa gbé ti àtijọ́ jáde. Púpọ̀ sì máa béèrè ẹ̀rí pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára táǹkì àti rìsíìtì rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.