Sójà Ọba: Láti Ọbaléndé Dé Bọ́má

Kò sí ẹni tó gbé Èkó fún ọjọ́ mélòó kan tí kò tíì gbọ́ kí kọ̀ndọ́ máa pariwo orúkọ Ọbaléndé. Ariwo náà ti mọ́ wa létí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé pé odindi gbólóhùn ni: ọba lé wọn dé. Ohun tí àwọn àgbà àdúgbò náà ń sọ ni pé àwọn sójà Haúsá àti ẹbí wọn, ìran àwọn tí Glover kó jọ ní 1863 láti máa ṣọ́ Èkó, ni a ṣí nídìí kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, tí wọ́n fi wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ní tèmi, mo gbà pé ọba tí orúkọ yìí ń wí kì í ṣe ọba tó jókòó ní Ìgà Ìdúngànràn. Ìjọba òyìnbó ni. Ní ẹnu àwọn baba wa, ìjọba náà ni ọba: òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ọba, owó orí tí ó ń gbà jẹ́ owó ọba, ẹni tó sì ń gbé ìbọn fún un ni sójà ọba. Ọba yìí kò lójú, kò nímú, ṣùgbọ́n ó lè ránni níṣẹ́, ó sì lè léni kúrò nílé.

Ní àdúgbò yìí kan náà ni Dodan Barracks wà. Láti 1966 tí Gowon gbàjọba, títí di oṣù Kejìlá 1991 tí Babangida kó lọ sí Àbújá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórí ìjọba ológun ti ṣe àkóso Nàìjíríà. Ibẹ̀ náà ni ìbọn sì ti dún ní òwúrọ̀ ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1990, nígbà tí àwọn ọ̀gágun kan fẹ́ gbàjọba. Nígbà náà, bí ènìyàn bá ní Dodan Barracks ló sọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo wa mọ̀ pé ìjọba ló ń wí. Mo ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí ni Dodan. Òmíràn ní ọ̀rọ̀ Haúsá ni, òmíràn ní orúkọ ọ̀gágun kan tó ti kú ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibì kan ni, ní ẹkùn Arakan ní ilẹ̀ Bọ́má tí a ń pè ní Myanmar lónìí, níbi tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti bá àwọn ará Jàpáàn jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láti inú ogun kan náà ni a ti mú orúkọ Arakan Barracks ní Àpápá, Letmauk Barracks ní Ìbàdàn, àti Chindit Barracks ní Zaria.

Ojú mìíràn ni àwọn baba wa fi ń sọ ogun lórúkọ. Kírìjì ni wọ́n pe ogun Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, nítorí bí ìró ìbọn ṣe ń dún kírìjì-kírìjì létí wọn. Jálumi ni wọ́n pe ti 1878, nítorí àwọn tí a lé já lu odò. Ogun Àgbáyé Kejì fúnra rẹ̀, ogun Hítílà ni àwọn ìyá wa pè é. Etí tó gbọ́ ìró rẹ̀ àti ara tó jìyà rẹ̀ ló ń sọ ogun lórúkọ. Ti ẹnu ọ̀nà bárékè kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn ọ̀gá ló fi í lélẹ̀, ibi tí a ti ja àjàyè ni ó sì ń rántí. Kò lè sọ fún wa bí ogun Bọ́má ti rí fún ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. A ṣoríire pé ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà wálé, ó pẹ́ láyé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Isaac Fádóyèbọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Èmùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni a ti bí i ní oṣù Kejìlá 1925. Ní 1942, ọmọ ọdún 16 ni, ó ti ka ìwé díẹ̀, kò sì fẹ́ dá oko. Ó wọ iṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta láìgba àṣẹ lọ́wọ́ baba rẹ̀. Ibi tó ti wọ iṣẹ́ náà tó ohun tí a ń dúró wò díẹ̀. Ní 1918, nígbà ogun Adúbí, àwọn sójà ọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba kọjú wọn sí àwọn Ẹ̀gbá tó kọ̀ láti san owó orí. Ọdún 24 péré lẹ́yìn rẹ̀, ìlú kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń tò sí láti gba aṣọ sójà. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Iṣẹ́ ni kò sí, aṣọ sójà sì ń dán lójú ọmọdé.

Wọ́n kọ́ Isaac ní iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, wọ́n sì fi í sí ibùdó ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 1943. Aláǹtakùn ni àmì ẹgbẹ́ náà, Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast. (Bí ó bá ṣe pé Yorùbá ni wọ́n bi, mo rò pé Ìjàpá ni à bá yàn fún wọn.) Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà ní 1943, wọ́n sì ti ibẹ̀ gba inú òkè àti igbó kìjikìji wọ àfonífojì odò Kaladan. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi la ọ̀nà tó gùn tó máìlì 75, kí ọkọ̀ jíìpù tó lè kọjá. Níwájú ibi tí ọ̀nà náà parí sí, àwọn aláàárù ló ń fi orí ru ìbọn, oògùn àti oúnjẹ. Èyí tí orí kò bá lè rù, ọkọ̀ òfuurufú a jù ú sílẹ̀ láti òkè. Nǹkan bí ẹgbàá márùnlélógójì ènìyàn, èyíinì ni 90,000, ló ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ogun Bọ́má. Nígbà tí a bá ń ka iye yìí nínú ìwé ìtàn, ẹ jẹ́ kí a máa rántí pé aláàárù pọ̀ nínú wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta 1944, ẹgbẹ́ Isaac wà ní etí odò náà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n fẹ́ jẹun, nígbà tí àwọn ará Jàpáàn tó lúgọ ṣína ìbọn bò wọ́n. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀. Ìbọn ba Isaac ní ẹsẹ̀ àti ní ikùn, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, kò lè dìde. Ẹnì kan tó tún ṣẹ́kù ni David Kargbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró. Òun náà fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó lè rìn. Àwọn méjèèjì wà nínú igbó náà, ilẹ̀ ọ̀tá yí wọn ká, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ti fà sẹ́yìn kúrò ní àfonífojì náà. Òjò dé bá wọn níbẹ̀.

Àwọn ará abúlé ló gbà wọ́n là, àwọn Mùsùlùmí Arakan tí ayé mọ̀ sí Rohingya lónìí. Àgbẹ̀ kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Shuyiman. Ó ń yọ́ gbé ìrẹsì wá fún wọn nínú igbó. Nígbà tó yá, ó kó wọn wọ ilé tí òun, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Bí àwọn ará Jàpáàn bá bá wọn níbẹ̀, ikú ni fún gbogbo ilé náà. Àlejò méjì yìí mọ̀ pé Mùsùlùmí ni àwọn olóore wọn, wọ́n sì ní Mùsùlùmí ni àwọn náà. Isaac di Suleman, David di Dauda. Òyìnbó tó bá ka ibí yìí lè pè é ní ẹ̀tàn tàbí kí ẹnu yà á. Ọmọ Yorùbá kò ní rí i bẹ́ẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, agbo ilé wo ni kò ní Suleman àti Isaac tí wọ́n jọ jẹ nínú àwo kan? Orúkọ tó máa jẹ́ ni ọmọkùnrin yìí wá, ó sì rí i níbi tí ó sún mọ́ ọn jù lọ.

Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò. Ní oṣù Kejìlá 1944 ni ọmọ ogun ọba padà dé àfonífojì náà, tí wọ́n sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí Isaac dé Èmùré-Ilé, tiro ni ó ń tiro, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń rìn títí ó fi kú.

Nípa ìyókù ayé rẹ̀, ìwé ìtàn kò rí púpọ̀ sọ. Àwọn òpìtàn fẹ́ràn sójà Bọ́má tó bá wọ́de, bí àwọn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa mẹ́ta nínú wọn ní Accra ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1948, nígbà tí wọ́n ń lọ fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn Gómìnà. Wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jí lówùúrọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, tó ń san owó ilé ìwé ọmọ, kì í bọ́ sójú ewé. Iṣẹ́ ọba náà ni Isaac tún ṣe, ní ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó tọ́ wọn. Mo ka èyí sí apá kan pàtàkì nínú ìtàn ogun náà, nítorí gbogbo ọmọ tó bí, ìrẹsì Shuyiman ló dá wọn sí.

Isaac fúnra rẹ̀ mọ èyí. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ìrírí rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999 pẹ̀lú orúkọ A Stroke of Unbelievable Luck. Oríire tó kọjá ohun tí a lè gbàgbọ́ ni orúkọ náà ń wí. Kò bínú nínú ìwé náà tó bí mo ti rò pé yóò bínú. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti bá a jiyàn ni orúkọ ìwé yìí. Lóòótọ́ ni Yorùbá gbà pé orí ẹni ní í gbeni, ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ló ní ènìyàn ni aṣọ òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Isaac létí odò Kaladan, aṣọ ni mo fẹ́ pè é.

Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọdún 66 ni gbèsè yìí fi wà lọ́rùn Isaac, kò sì sí ọ̀nà tí yóò gbà san án. Ní 2011, oníròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, tó ń ṣiṣẹ́ fún Al Jazeera, gba lẹ́tà ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá abúlé náà lọ. Shuyiman ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gba lẹ́tà náà, wọ́n gbọ́ bí a ti kà á, Phillips sì mú ìròyìn wọn padà wá bá bàbá arúgbó náà ní Nàìjíríà. Ó ṣe fíìmù lórí rẹ̀ lọ́dún náà, ó sì kọ ìwé lé e ní 2014. Biyi Bándélé ti gbé ìwé ìtàn àròsọ tirẹ̀, Burma Boy, jáde ní 2007, nítorí bàbá tirẹ̀ náà jagun níbẹ̀. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ gbogbo wọn.

Isaac Fádóyèbọ̀ kú ní 2012, ọmọ ọdún 86. Ní ọdún náà gan-an ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Arakan, tí a ń dáná sun ilé àwọn ènìyàn Shuyiman. Ní oṣù Kẹjọ 2017, ọmọ ogun Myanmar dojú kọ wọn. Iye tó ju 700,000 lọ nínú wọn ló sá gba ẹnubodè kọjá sí Bangladesh, lórí ilẹ̀ tí àwọn aláàárù wa ti gbà kọjá ní 1943. Títí di àsìkò tí mo ń kọ ìwé yìí, inú àgọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà. Bí wọ́n bá bí àwọn náà léèrè pé kí ló gbé wọn dé ibẹ̀, orúkọ àdúgbò kan ní Èkó ti dáhùn fún wọn.