Ta ni ó kọ́ ẹni tí ń wa forklift?

Ẹni tó bá ti dé èbúté Apápá rí á mọ forklift: ọkọ̀ kúkúrú tó ní apá irin méjì níwájú, tó fi ń gbé ẹrù sókè. Ní 1917, nílùú Buchanan ní ìpínlẹ̀ Michigan, ilé iṣẹ́ Clark ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n á máa fi kó ẹrù láti ẹ̀ka kan sí èkejì nínú ọgbà tiwọn. Wọn ò ṣe é fún títà. Àwọn àlejò ló rí i tí wọ́n ní àwọn náà fẹ́. Ogun Àgbáyé Kejì ló wá jẹ́ kó gbòde kan.

Ọkọ̀ tètè dé, ẹ̀kọ́ ló pẹ́. Ní 1970 ni Ààrẹ Nixon buwọ́ lu òfin tó dá OSHA sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 1971 ní ẹni tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni kó wa forklift. Irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wo? Fún ọjọ́ mélòó? Ọwọ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ìyẹn sí. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ọ̀gá tí ọkọ̀ ẹrù ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ọmọ tó gbà síṣẹ́ láàárọ̀ ni yóò ní kó lọ jókòó gba ẹ̀kọ́?

NIOSH, àjọ ìwádìí ìjọba, ka àwọn tó kú láti 1980 sí 1994. Òṣìṣẹ́ 1,021 ni jàǹbá forklift pa. Nínú ọgọ́rùn-ún, 20 jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tí ọkọ̀ kọlù; 22 kú nígbà tí ọkọ̀ ṣubú. Ti ṣíṣubú yìí ló dùn mí jù. Bí forklift tilẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ibi mẹ́ta ni ìwúwo rẹ̀ jókòó lé, bí ìkòkò lórí ààrò. Bí ẹrù bá wà lókè, tí awakọ̀ sì fi eré kó kọ́nà, ìwúwo náà á yẹ̀ kúrò láàárín ààrò. Ohun tí ara á sọ fún awakọ̀ ni pé kó bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bẹ́, òrùlé irin ọkọ̀ náà ló máa ń wó lé e mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sórí ìjókòó ló yẹ kó dì í mú ṣinṣin, kó sì fara sí ìhà kejì ibi tí ọkọ̀ ń ṣubú sí. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú inú mọ ìyẹn.

Oṣù Kejìlá 1998 ni OSHA tó ṣàlàyé ara rẹ̀, ọdún 27 lẹ́yìn ìlànà àkọ́kọ́: kí wọ́n kọ́ awakọ̀ lẹ́nu, kí wọ́n kọ́ ọ lórí ọkọ̀, kí wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò níbi tó ti ń ṣe é, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, orúkọ awakọ̀ nìkan ò tó. Ó gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀ ẹni tó kọ́ ọ.